Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Gbèsè: Ta Ni Yóò Fún Aláìní Ní Àsìkò?



Ẹ̀yin ará wa ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tí Ọlọ́hun fi Hwolshe àti agbègbè Jos ṣe ibùgbé fún, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí, ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Kò sí ilé kan láàárín wa tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn: bí a kò bá jẹ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn jẹ wá. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ gbèsè sílẹ̀ àti bí a ṣe ń gbà á ti yí padà lójú ẹ̀mí wa. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́ báyìí, ẹ̀rọ náà ló sì ń gbà á. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gba iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ agbowó lọ́wọ́ wa, ṣé ó ti gba ojúṣe wa níwájú Ọlọ́hun náà ni?

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ YÌÍ Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí oníṣòwò bá ta ọjà àwìn, ó máa ń kọ ìwé fún oníbàárà rẹ̀ pé ọjà báyìí lo rà, iye báyìí lo jẹ mí, ọjọ́ báyìí lo máa san án. Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní ínfọ́ọ̀sì. Orí bébà la ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀: omi lè pa á, eku lè jẹ ẹ́, ẹni tó jẹ gbèsè sì lè sọ pé òun kò rí i. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ẹni tó tajà ló ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹni tó rà á. Nọ́ńbà tirẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ yí iye inú rẹ̀ padà ní kọ̀rọ̀, àṣírí yóò tú. Orílẹ̀-èdè Chile ti ń lò ó láti ọdún 2003. Ítálì sọ ọ́ di dandan fún àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 2025 ni àjọ FIRS, tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún kan tó bílíọ̀nù 5 náírà sókè. Àwọn ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Apá kejì ni sísan owó náà. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi ń fọwọ́ sí ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí báńkì yóò sì máa yọ owó nínú àkáǹtì rẹ̀ nígbàkígbà tí ọjọ́ bá pé, láìtún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Alastair Hanton, òṣìṣẹ́ Unilever, ló ronú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a ta áísìkiriìmù, Hanton sì ń wá ọ̀nà tí owó yóò fi máa wọlé láìjẹ́ pé wọ́n ń rán agbowó kiri. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ ètò yìí dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni owó iná àti owó omi ṣe ń jáde lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù jọ ní, tó ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Ní ọdún 2011, ó mú ètò kan jáde tí owó fi ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn kí a tó ṣẹ́jú. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín ìnáwó ọwọ́ kù ní Lagos, nígbà tó sì di 2014, ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ títí kan Plateau wa yìí. Ọdún 2014 yẹn kan náà ni nọ́ńbà BVN dé, tó so gbogbo àkáǹtì tí èèyàn ní mọ́ orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó sì di ọ̀wọ́n gógó, àní àwọn ìyá wa tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ báńkì rí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de alert kí wọ́n tó wọn gàárì. Láti ìgbà yẹn, kò sí pé à ń padà sẹ́yìn mọ́.

KÍKỌ Ọ́ SÍLẸ̀ DÁRA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ bú ẹ̀rọ. Ẹ̀sìn wa fẹ́ràn kí á kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹsẹ tó gùn jù nínú gbogbo Kùránì Alápọ̀nlé, ẹsẹ 282 nínú Súrátùl Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé. Ó pa á láṣẹ pé kí á kọ gbèsè tó bá ní ọjọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé tó ń kọ ọ́ ṣe déédéé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí ó má sì sú wa láti kọ ọ́ ì báà kéré ì báà tóbi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: Ẹni tó dá sánmọ̀ òun ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ ìwé owó.

Àwọn baba wa náà mọyì àkọsílẹ̀. Alájọ ní káàdì tó ń fàmì sí lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹbí kan tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá, nítorí pé ẹnìkan dé, ó ní olóògbé jẹ òun, kò sì sí ìwé. Òfin ẹ̀sìn wa sì ni pé a gbọ́dọ̀ san gbèsè òkú kí á tó pín ogún. Báwo la ṣe máa san ohun tí a kò mọ iye rẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàgbé, ó yọ àwọn ọmọ wa nínú ìjà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ẹsẹ náà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò dá. Ta ló yẹ kó sọ ohun tí akọ̀wé máa kọ? Kì í ṣe ẹni tó ni owó. Ẹni tó jẹ gbèsè ni. Ẹnu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde pé iye báyìí ni mo jẹ, nítorí òun ni ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀, òun ni wọ́n sì lè rẹ́ jẹ. Ẹ wá wo ìwé owó ti ẹ̀rọ: ẹni tó tajà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ iye. Bí a bá wá so ìwé yẹn mọ́ àkáǹtì tí báńkì ń yọ owó nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ni owó ló sọ iye, òun ló kọ ọ́, òun náà ló sì mú un. Ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìlànà pé bí wọ́n bá ṣi owó yọ nínú àkáǹtì ẹnìkan, báńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, kí àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò rí owó rẹ̀ yọ ló yẹ kí á dáàbò bò.

GBÍGBÀ RẸ̀ LÓ NÍ ÌṢÒRO

Yorùbá ní ọ̀nà tó le tí wọ́n fi ń gba gbèsè. Láyé àtijọ́, ẹni tó ni owó lè rán ológò lọ dógò ti ajigbèsè. Ológò yóò jókòó sí ojúde onílé, yóò máa pariwo, yóò máa mú adìyẹ tó bá kọjá jẹ, títí ojú yóò fi ti gbogbo agboolé tí wọn yóò sì wá owó náà. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, wọ́n á ní àwọn kò dìde títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ òṣómàáló. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí òṣómàáló rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo òṣómàáló yẹn. Níbi tó lóṣòó sí, ó ń wo ilé. Ó rí i bóyá wọ́n ń dáná tàbí wọn kò dáná. Ó gbọ́ bí ọmọ bá ń wúkọ́. Ó mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ti rìnrìn àjò tàbí ó sá pamọ́ sínú yàrá. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ le bí òkúta, ojú rẹ̀ kò fọ́. Bí ó bá fẹ́ ṣàánú, ó mọ ẹni tí yóò ṣàánú fún. Bí ó bá kọ̀ láti ṣàánú, ó mọ̀ pé òun kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ètò kan tí Báńkì Àpapọ̀ ń pè ní Global Standing Instruction, tí ìkékúrú rẹ̀ jẹ́ GSI, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá yá owó ní báńkì yóò fọwọ́ sí i pé bí òun kò bá san nígbà tó yẹ, kí wọ́n wá owó náà nínú àkáǹtì mìíràn tí òun ní, ní báńkì yòówù kí ó jẹ́. BVN ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, NIBSS ni ẹ̀rọ náà ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ìlànà náà ní owó tí a yá àti èlé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi ọ̀nà yìí gbà, kì í ṣe owó ìtanràn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àkáǹtì kejì yẹn lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Ó lè jẹ́ owó oògùn. Ó lè jẹ́ owó ẹlòmíràn tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò lè béèrè. Nọ́ńbà ló mọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, èlé wà nínú ìyẹn, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni pé rìbá jẹ́ èèwọ̀ fún wa, ìdí sì nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ wa fi dùn nígbà tí Jaiz Bank, tí kì í gba èlé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ẹ mú èlé kúrò pátápátá, ìbéèrè mi ṣì wà níbẹ̀. Báńkì tí kì í gba èlé náà ń ta ọjà àwìn, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa náà ń yáni lówó, àwa náà sì lè fi ẹ̀rọ gbà á padà. Kí ni Ọlọ́hun sọ nípa gbígbà rẹ̀? Ẹ ṣí Súrátùl Bákárà padà sí ẹsẹ 280. Ó ní bí ẹni tó jẹ gbèsè bá wà nínú ìnira, kí á fún un ní àsìkò títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí a bá sì fi ṣe sàráà fún un, ìyẹn dára jù fún wa. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló wà láàárín àṣẹ yìí àti àṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀. Inú súrà kan náà ni méjèèjì wà. Ẹ̀rọ ti gba ẹsẹ 282 ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Ẹsẹ 280 ńkọ́, ta ló máa ṣe é?

Ẹ má sì jẹ́ kí á rò pé dógò ti kú. Àwọn kan ń yáni lówó lórí fóònù, bí ọjọ́ bá sì pé tí èèyàn kò san, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onítọ̀hún, láti orí àna títí dé orí ìmáàmù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lọ tú ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Lagos. Dógò àtijọ́ ń mú adìyẹ. Ti ìsinsìnyí ń mú orúkọ rere.

JOS KỌ́ WA LẸ́KỌ̀Ọ́

Kò yẹ kí ẹni tó bá gbé Jos bíi tiwa béèrè ìdí tí àsìkò fi ṣe pàtàkì. Àwọn baba wa bá rélùwéè àti iṣẹ́ ìwakùsà wá síbí, wọ́n fi òwò ṣíṣe gbé ilé ró. A rí oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. A rí i nígbà tí Ọjà Ńlá ní Terminus jóná ní 2002, tí ẹni tó jí ní olówó di ẹni tó sùn ní ajigbèsè. A rí 2008, a rí 2010. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba tún kéde pé kí ẹnikẹ́ni ní Jos North má jáde nílé tọ̀sán tòru. Ká ní obìnrin kan ra fíríìjì láwìn láti máa ta omi tútù àti sóbò, tó sì fọwọ́ sí i pé kí báńkì máa yọ owó rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù. Ìjọba ní kó má jáde. Kò tà, kò rà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ìkéde gómìnà. Ó yọ ìwọ̀nba owó tó kù tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi jẹun lọ́sẹ̀ náà. Ta ló hùwà ìkà? Ẹni tó ta fíríìjì á ní òun kò mọ̀. Báńkì á ní ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ kò lẹ́nu. Ìyà ti jẹ ẹnìkan, a kò sì rí ẹni tó fi jẹ ẹ́. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: kì í ṣe pé ẹ̀rọ burú, bí kò ṣe pé ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rere ṣe ohun tí ojú wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá wà níbẹ̀.

Kò sì tọ́ kí á sọ pé kò ṣeé ṣe láti dá ẹ̀rọ dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, Báńkì Àpapọ̀ sún sísan àwọn owó ètò ìrànwọ́ tó ti yá àwọn èèyàn síwájú ní ọdún kan gbáko, ó sì dín èlé wọn kù láti ìdá 9 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èèyàn ló jókòó tó wo ojú ọjọ́, tó sì pàṣẹ. Nígbà tí èèyàn bá pàṣẹ, ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e.

Ẹ JẸ́ KÍ Á GBỌ́ TI ẸNÌKEJÌ

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, ìwọ alára ò mọ àwọn ajigbèsè ni. Àwọn kan ní owó, wọn kò sì ní san. Wọ́n á fi owó rẹ ra ràmù Iléyá, wọ́n á sì fi ọwọ́ kan náà jù ọ́ sílé lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pe fífòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la ẹni tó ní owó ní àbòsí. Yorùbá sì ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ mú un, a kò ní sunkún.

Ọ̀rọ̀ kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àánú èèyàn kì í ṣe déédéé: ẹbí ẹni la máa ń fún ní àsìkò, ọmọ ìlú ẹni, ẹni tó lè dá a padà fún wa lọ́la. Ẹ̀rọ kò béèrè pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́ tàbí Ọ̀ffà, kò béèrè pé onílé ni ọ́ tàbí àlejò. Fún àwa tí a ń gbé ìlú tí ìbéèrè yẹn ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ohun kékeré kọ́ ni èyí. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Bí a bá fi ojú kan náà wo ẹni tí kò fẹ́ san àti ẹni tí kò ní, ìyẹn kì í ṣe déédéé. Bákan náà ni a ṣe sí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀ràn wọn. Àsìkò tí Ọlọ́hun ní kí á fún aláìní kì í ṣe ojúrere tí a ń ṣe fún ẹni tí a fẹ́ràn, ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nínú ìnira ni, ẹni yòówù kó jẹ́. Ohun tó yẹ kí ó tún ojúsàájú ṣe ni kí á sọ ìlànà rẹ̀ síta kí ó kan gbogbo èèyàn, kì í ṣe kí á mú àánú kúrò pátápátá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣìran, a kì í yọ ojú rẹ̀ dànù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́. Ẹ gba ìwé owó, ẹ tọ́jú alert, ẹ má ṣe tajà fún ẹnikẹ́ni lórí alert tí ẹ kò tíì rí nínú àkáǹtì yín, nítorí ayédèrú pọ̀ nígboro.

Èkejì, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí báńkì yóò fi máa yọ owó, kí ó kà á, bí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta: iye wo ni ẹ lè yọ? Inú àkáǹtì wo? Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá le? Bí wọn kò bá ní ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, kí ó ronú dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yòówù tí a bá dá sílẹ̀, bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gba owó, kí á yan èèyàn mẹ́ta tó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, tí wọ́n lè ní kí á dá a dúró fún ẹni tó bá wà nínú ìnira. Kí á kọ irú ìnira náà sílẹ̀: àìsàn, ikú, iná, rògbòdìyàn, ìsémọ́lé. Kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún alága àti fún ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré jù.

Ẹ̀kẹrin, ìwọ tí o jẹ gbèsè, má ṣe dúró kí ọjọ́ pé kí o tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òṣómàáló rí ọ láìjẹ́ pé o sọ̀rọ̀; ẹ̀rọ kò lè rí ọ.

Ẹ̀karùn-ún, ìwọ tí o ni owó, ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò gbà á, pe onítọ̀hún lórí fóònù. Ìṣẹ́jú méjì ni. Hádíìsì sọ fún wa nípa oníṣòwò kan tó máa ń sọ fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fojú fo ẹni tí nǹkan le fún, Ọlọ́hun sì fojú fo àṣìṣe tirẹ̀ náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gba owó. Ọmọọṣẹ́ ló ń rán. Ṣùgbọ́n ó ti fi àánú sínú iṣẹ́ tó rán wọn. Ẹ̀rọ ni ọmọọṣẹ́ tiwa lónìí. Ohun tí a bá rán an náà ló máa jẹ́, bí kò bá sì sí àánú nínú iṣẹ́ tí a rán an, àwa la ó dáhùn, kì í ṣe òun. Lọ́jọ́ Ìdájọ́, wọn kò ní pe kọ̀ǹpútà kankan síwájú Ọba Adẹ́dàá.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa san gbèsè ọrùn wa, kí Ó má ṣe fi wá sí abẹ́ ẹni tí kò ní ojú àánú, kí Ó sì má ṣe sọ àwa náà di irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ẹlòmíràn. Kí Ó fún ìlú Jos ní àlàáfíà tí ọjà yóò fi máa tà. Àmín, yáà Rabbal ààlámíìn.